Akàn Ìjọba Tí Mo Sè

Mutmainah ọmọ mi,

Ṣé ara le o, ṣé ẹ̀gbọ́n mi tí o ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Rumuokwuta ń jẹ́ kí o sinmi? Alhamdulilahi, àwa náà ń mí, bàbá rẹ ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, èmi sì ń dẹ ìgèrè mi fún akàn bí o ṣe mọ̀. Lẹ́tà ni mo kọ torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, wọ́n lè máa gbọ́.

O rántí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó akàn àti ìṣáwùrú létí omi wa. Wọ́n fún wa ní ike ìwọ̀n, pé akàn tí kò bá tó o, ká dá a padà, èyí tó bá gbé ẹyin sáyà, ká dá a padà. Mo ń ṣe é, Ọlọ́run rí mi, kódà mo máa ń bẹ ìyá akàn pé kó má bínú. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, akọ ńlá kan wọ ìgèrè mi, mo ṣí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tòun ti ẹrẹ̀, mo sè é. A ti jẹun tán kí n tó fọ èèpo náà, ni mo bá rí ike pupa kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn: 0417, àti nọ́ńbà fóònù. Àṣé wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe forúkọ àwa náà sílẹ̀. Akàn ìjọba ni.

Wọ́n kọ ọ́ sára ike náà pé ẹni tó bá rí i kó pè, ẹ̀bùn wà. Mo parí girama, Mutmainah, ta ní ń fún olè lẹ́bùn? Ìdẹ ni. Mo ti pa fóònù mi, mo tì í sínú àpò gààrí. Tonye tó ń wa ọkọ̀ ní kí n pè wọ́n, pé wọ́n á dáàṣì mi, ó ń pè mí ní Màmá Akàn. Ṣebí òun ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ náà wá, kí ló fẹ́ sọ? Bàbá rẹ tó lá ọbẹ̀ náà mọ́ ń sọ báyìí pé ẹsẹ̀ nìkan lòun jẹ, ẹ̀yìn ni nọ́ńbà wà.

Alàmísì ni wọ́n ń bọ̀ wá ka akàn. Bí wọ́n bá pe 0417 tí kò dáhùn, wọn á gba káàdì tí mo fi ń dẹ ìgèrè, wọ́n sì lè tì mí mọ́lé.

Jọ̀ọ́, ra akọ akàn kan tó wà láàyè lọ́jà. Mo fi bírò tọ etí èèpo náà yíká sẹ́yìn ìwé yìí, fi wọ̀n ọ́n, má jẹ́ kí ọlọ́jà tàn ọ́. Ọwọ́ òsì 0417 kúrú díẹ̀. Má gbé e lé Tonye lọ́wọ́, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá, màá so ike náà mọ́ ọn, màá jù ú sómi kí wọ́n tó dé. Mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà dání fún ìtanràn, bóyá ọ̀gá wọn á ti mọ ojú 0417 tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi, ohun tí o bá jẹ kò ní di ẹjọ́ sí ọ lọ́rùn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fàdílátù