Òṣùká fún Ọkùnrin Oníbòjú

Ìgánà, lọ́nà Pọbẹ̀
Oṣù kẹsàn-án, 1962

Zacharie, Àkànmú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé Kútọnu ń gbè ọ́? Atẹ́gùn òkun tí wọ́n ní ó máa ń wọlé tọ ènìyàn, ṣé kò fún ọ ní ikọ́? Olúwa tó mú ọ dé ibẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ, oúnjẹ kò ní wọ́n lẹ́nu rẹ, ọ̀nà kò ní há mọ́ ọ, àmín. Gbogbo wa ń bẹ láàyè. Bàbá rẹ kí ọ, Pauline àbúrò rẹ kí ọ, ewúrẹ́ dúdú tí o fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, ọ̀kan ń yarọ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń jẹun ju èkejì lọ. Èmi fúnra mi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà bí o bá rí i tí ìlà ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, má rẹ́rìn-ín o, àwọn tó kọ́ wa ní a-b-d lẹ́yìn ìsìn ní ìjọ wa kò kọ́ wa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dúró sójú kan.

Láti Àjíǹde ni a ò ti gbúròó rẹ, Àkànmú. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, òjò tún bẹ̀rẹ̀, o ò kọ ìlà kan. Ohun tó dé kẹ́yìn láti ọwọ́ rẹ ni ìwé àwòrán tí o fún Ṣóbándé, awakọ̀ kàmíọ̀n èkùrọ́, pé kó fún Pauline. O ò fi lẹ́tà sínú rẹ̀. Mo gbọn ìwé náà títí, mo ní bóyá lẹ́tà á jábọ́, eruku nìkan ló jábọ́. Nígbà tí kò sí lẹ́tà, mo ní kí a kúkú ka ìwé náà dáadáa, torí ọmọ mi kì í dédé ṣe nǹkan.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ṣí i, mo rí ọkùnrin mẹ́jọ lójú ìwé kan ṣoṣo, gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà. Mo ní, yéè, ẹ wo ìyá tó bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó tún rán aṣọ kan náà fún gbogbo wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún obìnrin náà. Pauline rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Mo ní báwo, ẹnì kan á dúró níbí, á tún máa sáré lọ́hùn-ún? Ohun funfun tó ń jáde lẹ́nu wọn, èéfín ni mo pè é, mo ní òtútù ìlú òyìnbó mà le o. Pauline ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ, inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó dáa. Ọmọ yẹn ti wá mọ Faransé débi pé kò bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin inú ìwé náà, kòmí ni, akọ̀wé ní bíró, ilé iṣẹ́ òyìnbó, bíi tìrẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ọ̀gá á máa kígbe mọ́ ọn, kò ní fèsì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń ké gbà mí gbà mí níta, á wọ yàrá kan lọ, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á fi ìbòjú bo ojú, á so aṣọ gbọọrọ mọ́ ọrùn tí á máa fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, á sì jáde lọ gba ènìyàn sílẹ̀. Ó lágbára o, ọwọ́ kan ló fi gbé mọ́tò. Ohun tó dùn mí ni pé ó wọ pátá sórí ṣòkòtò. Àkànmú, ṣé kò sí ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ tó lè pè é padà kó tó jáde? Mo wá ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò rí i. Kò sí bàbá, kò sí àbúrò, kò sí ẹni tó bi í pé ṣé o ti jẹun. Á yọ ọmọ ọlọ́mọ nínú iná, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, á sì dá lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni mo ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà báyìí, Oníbòjú ni mo ń pè é, torí orúkọ tí òyìnbó kọ síbẹ̀ kò ṣe é pè lẹ́nu mi.

Ní ti bàbá rẹ, inú bí i. O ṣáà mọ̀ pé ìdílé Fálúyì tiwa yìí ló ń gbé eégún jáde lọ́dọọdún ní abúlé yìí. Ìgbà tó rí ibi tí Oníbòjú ti ń ṣí ojú níwájú dígí, ó pariwo pé èèwọ̀! Ó ní irú ìwé wo nìyí, tó ń tú ẹ̀kú lójú obìnrin? Ó ká ojú ìwé náà pọ̀, ó fi ẹ̀gún ọsàn gún un, ó ní obìnrin kankan kò gbọdọ̀ wò ó. Èmi àti Pauline ti wò ó tipẹ́. A ní a ti gbọ́, Bàbá. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé náà, bàbá rẹ á jókòó tì í láti máa ṣọ́ ẹ̀gún.

Bàbá Basile ti Tákọ̀n, èyí tó ja ogun Hítílà fún Faransé, wá kí wa, ó rí ìwé náà lórí ẹní, ó ní òun mọ̀ ọ́n! Ó ní irú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ́n máa ń ká a bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé kí ogun tó dé ni irú ọkùnrin alágbára bẹ́ẹ̀ ti jáde ní ìlú wọn, ní àkókò tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí àwọn bàbá onílé ń tò síta láti gba ọbẹ̀ ọ̀fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tálákà ló ń ya ọkùnrin tí kò sí ẹrù tó lè wó o mọ́lẹ̀, wọ́n ń tà á ní owó táṣẹ́rẹ́, àwọn ọmọdé sì ń rà á bí ẹ̀pà. Nígbà tó yá Faransé náà ń tẹ tiwọn, òun ló dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ní bí ebi bá ń pa wọ́n, kí ló dé tí wọn ò ya oúnjẹ? Bàbá Basile mirí. Ó ní lójú ogun, ṣọ́jà tí ẹ̀rù ń bà jù lọ ni kì í gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́, mo ń bi ara mi pé kí ló ń ba Àkànmú mi lẹ́rù.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló wá bà wá nínú jẹ́. Afárá já, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, ènìyàn kún inú rẹ̀. Oníbòjú bọ́ sábẹ́ afárá, ó fi orí àti ọrùn gbé irin náà dúró, òógùn bò ó, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀, ọkọ̀ ti dé etí afárá, ó tán! Pauline ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni pé ó ṣì kù. Kí ló kù? Ta ní í pa àlọ́ tí á dìde lọ sùn nígbà tí ìjàpá ṣì wà lókè igi? Láti ọjọ́ náà ni ọrùn ọkùnrin yẹn ti ń dùn mí. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Pọbẹ̀ lọ ta gàrí ní Sákété, bí a ṣe dé orí afárá kékeré kan, mo yọ orí lójú fèrèsé, mo kígbe pé ẹ kú iṣẹ́ o! Àwọn èrò inú ọkọ̀ ń wò mí.

Wàyí o, ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣóbándé ti èbúté Kútọnu dé, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní níbi tí òun ti ń já èkùrọ́, òun rí àwọn aláàárù tó ń ru sìmẹ́ǹtì, wọ́n ki àpò òfìfo bọrí, ó bo ojú wọn dé imú, ìyókù já sí wọn lẹ́yìn. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ń ju ẹsẹ̀ òsì síta bí o ṣe máa ń jù ú. Òun pè é, Zacharie! Ẹni náà dúró, kò wẹ̀yìn, ó fa àpò náà wálẹ̀ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lórí. Ṣóbándé ní àwọn òyìnbó tó gbà ọ́ síṣẹ́ bíró ti kó ẹrù wọn padà sílùú wọn láti Àjíǹde, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Mo dúpẹ́ pé bàbá rẹ wà lóko.

Mo wo Ṣóbándé láti òkè délẹ̀. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kòmí ni ọmọ mi, ẹni tó rí kì í ṣe Zacharie, Oníbòjú ni. Mo gbé ìwé wá, mo ní wò ó, ṣé o rí ojú tó bò, ṣé o rí aṣọ tó já sẹ́yìn, ṣé o rí ẹrù lọ́rùn? Mo ní ọkùnrin náà ti jáde lábẹ́ afárá nìyẹn, ó ti wá ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a mọ̀ pé kò kú. Ṣóbándé dé fìlà rẹ̀, ó padà sídìí kàmíọ̀n rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo wọlé, mo sunkún díẹ̀, kò pọ̀, mo sì bọ́jú.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí o kò gbọdọ̀ sọ fún bàbá rẹ láé. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, bí eégún bá jáde, àwa obìnrin á kúnlẹ̀, a ó máa pè é ní ará ọ̀run, èmi náà á kúnlẹ̀. Mo sì mọ ìrìn ọkọ mi. Mo mọ ikọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀kú. Kò sí obìnrin kan lábúlé yìí tí kò mọ ti ọkọ rẹ̀. Bó bá wọlé pẹ̀lú òógùn, mo máa ń bi í pé ibo lẹ ti ń bọ̀, á ní oko ni, mo máa ní ẹ kú iṣẹ́ oko, mo máa gbé omi gbígbóná fún un. Kò sí ọjọ́ kan tí ó tìtorí rẹ̀ kéré lójú mi.

Nítorí náà, bí o bá rí Oníbòjú ní èbúté, bá mi kí i. Má bi í ní orúkọ. Sọ fún un pé ẹnì kan wà ní Ìgánà tó mọ̀ pé ẹrù náà wúwo, ojú kò sì ti ẹni náà nítorí rẹ̀. Mo fi òṣùká kan sínú ìdì tí Ṣóbándé ń gbé bọ̀. Ìró aláró mi àtijọ́, èyí tí mo fi pọ̀n ọ́, ni mo ya, mo fi òwú kún inú rẹ̀ kó lè rọ̀ lábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Mi ò mọ bí orí rẹ̀ ṣe tóbi tó, fìlà rẹ tó wà lára ìṣó ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òjò ń wọ yàrá, kí o fi owó páànù ránṣẹ́. Mo ti jíṣẹ́ tó rán mi. Ṣùgbọ́n mo ti gbé ẹní wa lọ sí apá kejì, kò kán sí wa lára mọ́, má dààmú. Bí owó kékeré bá wà, ra ìwé tó tẹ̀lé èyí fún wa, bàbá rẹ ti ń wá ẹ̀gún sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè eégún á jáde. Wá sílé. Bó bá wù ọ́, wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ wá, a ó kí ọ kú iṣẹ́ bíró, bàbá rẹ á bi ọ́ nípa ọ̀gá rẹ, o ó dá a lóhùn bó ṣe wù ọ́, èmi á sì gbé omi gbígbóná sẹ́yìnkùlé fún ọ. Kí Olúwa di ọrùn rẹ mú. Kí irin má wó lù ọ́, kí ọkọ̀ kọjá láyọ̀, kí o jáde lábẹ́ afárá láàyè, kí ojú mi rí ojú rẹ láìsí ohun tó bò ó, àmín.

Èmi ni,
Rébecca, ìyá rẹ.

Bí Oníbòjú bá bi ọ́ pé ta ló fi òṣùká ránṣẹ́, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni.