Bàbá Dókítà, Ẹ Má Ta Oko Kòkó Màmá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ilé Dókítà ní Oǹdó. Mo kí Bàbá Dókítà, mo kí Màmá Dókítà, mo kí Àǹtí Bùnmi, àbúrò Bàbá, tí oorun kì í kùn títí tí wọ́n á fi gbọ́ ohun tó ń lọ nílé onílé. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Èmi ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún yunifásítì tí Akin, àkọ́bí yín, ń lọ ní Àkúrẹ́ níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí. Tí mo bá sín, akọ̀wé mẹ́ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Orí wásáàpù ẹbí ni mo fi lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo yín lè kà á pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wí lọ́la pé òun kò gbọ́.

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta oko kòkó Màmá lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ lè rí owó ìwé dókítà san. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ fún yín pé Akin kò kọ́ṣẹ́ dókítà mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan. Ó ṣe ìdánwò ńlá ti ọdún kejì, ó fìdí rẹmi. A ní kó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi. Ni àwa àgbà bá ní kó yan ọ̀kan: kó padà sílé, tàbí kó bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn tó ṣì láyè. Ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹran ló ṣẹ́ kù, ó sì mú un. Ẹ̀kọ́ nípa adìyẹ lọmọ yín ń kọ́ báyìí, Bàbá Dókítà. Adìyẹ, ewúrẹ́, àti ẹlẹ́dẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ẹ má dìde, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé Akin kò tíì wọ ọdún kejì tí ẹ ti fi ọ̀dà pupa kọ “Ilé Dókítà” sára géètì. Mo mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá kí yín ní Bàbá Akin ládùúgbò, ẹ kì í dáhùn, ẹ ó máa wòkè bí ẹni tó ń retí òjò. Mo mọ àwòrán rẹ̀ tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀, èyí tó ti wọ kóòtù funfun, tó tọwọ́ bàpò. Kóòtù yẹn, Màmá, kóòtù oko adìyẹ tó wà ní Ìlú-Àbò ni. Ó yá a ni. Ìgbẹ́ adìyẹ wà léjìká òsì, ìdí nìyẹn tó fi kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹni tó ń yà á.

Ẹ ó ní báwo ni Ọ̀gá Àgbà ṣe mọ̀. Èmi ni mo fọ kóòtù náà. Iṣẹ́ Ọ̀gá Àgbà pọ̀, ẹ má rò pé ìjókòó nìkan ni. Kí ojú tó là tán ni mo ti ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìlú-Àbò láti kó ìgbẹ́ adìyẹ sápò. Òjò Àkúrẹ́ kò sì mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Páànù yàrá tí èmi àti Akin jọ ń gbé ń jò sórí ẹní mi. Kì í jò sórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, torí òun ni Dókítà. Oko wa ni wọ́n máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sìn ẹran wá kí wọ́n wá fojú rí iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí Akin bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, àkùkọ kan fò mọ́ ọn, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn mi. Ọ̀gá oko bi í pé ṣé ó mọ̀ mí rí ni. Ó ní rárá o, òun kò mọ̀ mí.

Ó tó gẹ́ẹ́. Agbádá Ọ̀gá Àgbà yìí ti ń gbóná mọ́ mi lára. Ẹ ti mọ ẹni tí Akin ń bá gbé yàrá: ọmọ yín kejì, tí ẹ yọ kúrò ní girama kí owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè pé, tí ẹ ní kó máa lọ sí Àkúrẹ́ lọ fọṣọ fún un.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún Akin lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé ìwé pé tí kò bá di dókítà, kó má fojú ba géètì yín mọ́. Látìgbà tó ti yí ẹ̀kọ́ padà, tí fóònù bá dún, tó rí orúkọ yín, kì í fẹ́ dáhùn. Ló bá ń gbé e fún mi. Ẹ mọ̀ pé mo mọ èèyàn sín jẹ. Ẹ ti nà mí rí nítorí pé mo sín pásítọ̀ jẹ níṣojú pásítọ̀. Odindi ọdún kan, èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Àdúrà tí ẹ ń gbà fún Dókítà, èmi ni mo ń ṣe àmín sí i. Nígbà tí ẹ ní ẹsẹ̀ ń dùn yín, èmi ni mo ní kí ẹ má jẹ ẹran mọ́, kí ẹ sì máa fẹ̀yìn rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta láràárọ̀. Àǹtí Bùnmi sọ fún Dókítà lórí fóònù pé ẹ ṣì ń rìn ín títí dòní, pé àwọn ọmọ ilé kejì máa ń dúró wò yín. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tèmi náà. Ẹ bi Dókítà pé òmùgọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé kì í jẹ oúnjẹ rẹ tán. Mo ní ó wà ńbẹ̀. Ẹ ní kí n má jẹ́ kó jókòó tì mí tí mo bá ń kàwé, kí ìwà òpè má baà ràn mí. Ẹ ní ọmọ kan àti odídẹrẹ́ kan ni Ọlọ́run fún yín. Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ yín, wọ́n ń pè mí ní Dókítà mi, Dókítà mi, títí káàdì fi tán. Ìyá tó bí mi kò dá ohùn mi mọ̀. Èèyàn kún Àkúrẹ́ bí eṣú, Bàbá, mi ò ní ẹnì kan tí mo lè fi ohùn ara mi bá sọ̀rọ̀.

Ǹ bá kúkú dákẹ́ títí Akin á fi parí. Ọ̀rọ̀ oko yìí ni mi ò lè gbé mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Màmá sọ fún mi, wọ́n rò pé Akin ni, pé àwọn ti gbà kí ẹ ta oko tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, pé igi ni, èèyàn ju igi lọ. Mo bẹ Akin pé kó pè yín, kó sọ òótọ́. Mo ní owó ọ̀sìn ẹran kò tó ìdajì ti dókítà, pé kòkó tí ẹ bá ká lọ́dún yìí á san án, á tún ṣẹ́ kù. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n tà á, pé òun ṣáà nílò kọ̀ǹpútà. Ó ní tí mo bá la ẹnu, òun á ní èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ irọ́, ta sì ni ẹ máa gbà gbọ́ nínú àwa méjèèjì? Mo mọ ẹni tí ẹ máa gbà gbọ́.

Nítorí náà, mo pe Olóyè tó fẹ́ ra oko náà lánàá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún Dókítà ní nọ́ńbà wọn, pé kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohùn yín ni mo fi pè wọ́n, Bàbá. Mo fa ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń fà á, mo wúkọ́ níbi tí ẹ ti máa ń wúkọ́. Mo ní owó wọn kò mọ́ tó láti ra oko ìyàwó mi. Mo ní nígbà tí bàbá ìyàwó mi ń wọn kòkó, bàbá tiwọn ló ń bá a gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Olóyè ní àwọn kò ní tẹ ilé yín mọ́ láyé. Mo ní kí wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn bí ọkùnrin.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ tà á fún wọn, ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì ṣàlàyé pé ọmọ yín ló sín yín jẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, Bàbá. Ẹ kò bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó fi àlàáfíà jíǹkí Màmá, kó sì fún Akin ní ojú tó máa fi wò yín. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé mẹ́ta ní girama ni mo kà mọ.

Èmi ni, ọmọ yín,
Fẹ́mi.