Ọjọ́ Tí Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ògiri Yí Sí Apá Ọ̀tún

                                        Ojúlé Kọkànlá, Òpópó Adéṣígbìn,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Karùn-ún, 1972.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Yẹ̀kínì,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé. Ṣé àlàáfíà ni Sàfíátù wà? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú ooru Kàdúná, ẹ sì kú iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ aṣọ. Lẹ́tà rẹ ti dé ọwọ́ mi láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n tètè fèsì náà ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Tinú ìyàwó mi ní kí n kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ó ní bí mo bá ti dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ ọ̀nà, n kì í rántí ènìyàn mọ́.

O béèrè bóyá Ẹgbẹ́ Atọ́jú-Ọ̀nà ṣì wà. Ó wà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ṣì ń gbé ṣọ́bìrì àti páànù jáde lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn ògiri, láti Malu Road gba inú irà, lẹ́bàá ògiri ilé ìkẹ́rù, títí dé ẹnu Creek Road. Bó o ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà: ògiri ní apá kan, omi ní apá kejì, àyè sì wà fún kẹ̀kẹ́ méjì láti kọjá lára wọn bí àwọn méjèèjì bá fọkàn sí i. Kò sí ọwọ́ ìjọba níbẹ̀ títí di òní. Linus ti padà dé lẹ́yìn ogun. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yọjú sí iṣẹ́ ọ̀nà, kò sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun. Bàbá Sàlàkọ́ kàn fi agolo ìṣó lé e lọ́wọ́ ni. Òun ló kan gbogbo pákó tó wà níbẹ̀ báyìí.

Bàbá Sàlàkọ́ náà ṣì ni alága wa. O rántí pé awakọ̀ lọ́rì ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin títì sì dà bí ìkéwú lẹ́nu wọn. Nígbà tí ìjọba kéde pé láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin gbogbo ọkọ̀ orílẹ̀-èdè yìí yóò fi apá òsì sílẹ̀, tí wọn yóò máa gba apá ọ̀tún, Bàbá pe ìpàdé. Wọ́n ní ọ̀nà wa náà gbọ́dọ̀ yí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni yóò wá mú ènìyàn nínú irà? Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bàbá ní ẹni tí ara rẹ̀ bá ti mọ́ òsì nínú irà, òsì náà ni yóò gbà já sí Creek Road, tírélà kò sì ní bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Gbogbo wa nawọ́ sókè, mo sì nawọ́ tèmi.

Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. O mọ̀ pé ọjọ́ Mọ́ńdè rẹ̀ la máa ń ṣe àjọ̀dún ọ̀nà. Ti ọdún yìí dùn ju gbogbo èyí tí mo rí lọ. Linus ti fi ẹfun ya ọfà sára ògiri. A fi pépà aláwọ̀ wé irin kẹ̀kẹ́, a wọ aṣọ tó mọ́, a sì tò láti Malu Road, apá ọ̀tún, apá omi, tí ẹnì kankan kò yà sí òsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Onoriode ló gbé àsíá níwájú, tó ń fi ọwọ́ kan wa kẹ̀kẹ́, tó ń lu agogo rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí ọ̀tún. Nígbà tí a padà délé, mo sọ fún Tinú pé ó dà bí ẹni pé apá ọ̀tún la ti ń gbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa.

O kò mọ Onoriode, lẹ́yìn tó o lọ ló dé. Ọmọ Urhobo ni. Ó ń gbé búrẹ́dì sínú àpótí ńlá lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ní àràárọ̀, láti ilé búrẹ́dì kan ní àdúgbò wa lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù ní èbúté Àpápá. Ọ̀gá rẹ̀ ló ni kẹ̀kẹ́. Yàrá tí òun àti Onome ìyàwó rẹ̀ ń sùn, lẹ́yìn ààrò búrẹ́dì, ọ̀gá náà ló ni ín pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ Túsìdeè, ẹrù jáde. Yẹ̀kínì, ṣé o ti rí àṣìṣe wa? Láti ọdún tí ìwọ àti èmi ti da páànù èèpo ẹkùrọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, apá ògiri là ń kọ́. Ní àárọ̀, àwọn ẹlẹ́rù ń lọ sí Àpápá, òsì wọn sì ni ògiri. Ibẹ̀ la da èèpo ẹkùrọ́ sí, ibẹ̀ la da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí, ibẹ̀ la gún. Apá omi, àwọn tó ń padà bọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ òfìfo ló ń gbà á nírọ̀lẹ́, torí náà a kò ṣe é ní nǹkan kan ju pákó díẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a gbé ẹrù kúrò níbi tí a ti kọ́, a gbé e lọ síbi tí a kò kọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sí ẹni tó ru nǹkan, irà sì gbà wá láìwí nǹkan kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé apá omi rọ̀. Kò sí ẹnì kan tó rò ó.

Onoriode ló kọ́kọ́ rì. Táyà ẹ̀yìn wọlẹ̀, àpótí dojú dé, búrẹ́dì sì tú sínú omi dúdú. Ebiere, obìnrin Ìjọ̀ tó ń gbé ẹja yíyan wá láti Snake Island, wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ó pariwo pé, “Ẹ wá wò ó o! Bread don keep right o! Búrẹ́dì ti gba ọ̀tún!” Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí. Onoriode náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rántí ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà kò pariwo. Linus tó bá Onoriode lọ bẹ̀bẹ̀ ló sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Ọ̀gá ní, “Bí búrẹ́dì mi bá tún bá ilẹ̀ pàdé, ìwọ àti kẹ̀kẹ́ yìí ti pínyà. Kí o sì ká ẹní rẹ.”

Lọ́jọ́ kejì, Onoriode padà sí apá ògiri. Bàbá Sàlàkọ́ dúró sí àárín ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì wà lẹ́yìn Onoriode.

“Onoriode, apá wo nìyẹn?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Apá tó le ni.”

“Mi ò bi ọ́ bóyá ó le. Apá wo ni?”

“Òsì ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀tún yẹn fẹ́ lé mi jáde nílé.”

“Ẹni tó bá wà láàyè ló ń wá ilé.”

Ebiere pariwo láti ẹ̀yìn, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọjá! Ẹja mi ò wá gbọ́ ẹjọ́!”

Bàbá yẹ̀ fún Onoriode, kì í ṣe pé wọ́n gbà. Wọ́n tẹ̀ lé e dé ẹnu títì, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ohun tí Bàbá bẹ̀rù sì ṣẹlẹ̀ lójú wa kòrókòró. Onoriode já sí Creek Road ní apá òsì tó ti ń gbà bọ̀ látinú irà, ó sì dojú kọ tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì. Awakọ̀ náà yà bàrá. Irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ gbá ìdérí àpótí búrẹ́dì fò. Onoriode kò ṣubú, búrẹ́dì kò dà nù, ṣùgbọ́n Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì.

Mo ti ronú sí i púpọ̀ láti ìgbà náà. Ìjà tí ẹnì kan bá jàre tí ẹnì kejì bá jẹ̀bi, ó rọrùn láti parí. Ti Bàbá Sàlàkọ́ àti Onoriode kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń bẹ̀rù ikú, ọ̀kan ń bẹ̀rù ìta, kò sì sí èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ àwàdà.

Ìpàdé Sátidé gbóná. Linus béèrè bóyá kí á gbé ògiri ilé ìkẹ́rù lọ sí apá kejì ni. Ebiere, tí kì í wá ìpàdé tẹ́lẹ̀, dìde, ó ní lórí omi tiwọn, ọkọ̀ tó ṣófo ló ń yà fún ọkọ̀ tó rù. Bàbá dá a lóhùn pé, “Ìyá ẹlẹ́ja, odò yín ò ní tírélà.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Irà yín náà ò ní.” Ilé dà rú fún ẹ̀rín, Bàbá fúnra wọn sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tí a fi ẹnu kò sí nìyí. A ó kọ́ apá omi kí òjò ńlá tó dé, kí ó le bí apá ògiri. Kí ó tó parí, ẹlẹ́rù ni yóò máa gba apá ògiri, ẹni tó bá ṣófo yóò sì yà fún un. Níbi pákó ìkẹyìn, kí oníkálukú sọ̀kalẹ̀, kí ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún kí ó tó wọ títì. Bàbá nìkan ni kò nawọ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin lẹ ṣòfin yìí. Ọ̀tún mi ni n ó máa gbà ní tèmi.” O mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ẹni tó bá ń ti Àpápá bọ̀, apá ògiri kan náà ni ọ̀tún rẹ̀, níbẹ̀ ni òun àti ẹlẹ́rù yóò ti dojú kọ ara wọn.

Ẹnu dùn-ún rófọ́. A ti ń kó èèpo ẹkùrọ́ àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù láti ìgbà náà, a kò tíì dé ìdajì, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà àsùbáà, Bàbá ń lọ dúró sí ẹnu Creek Road, wọ́n ń pariwo “Ọ̀tún! Ọ̀tún!” sí gbogbo ẹni tó bá yọ. Àwọn èrò ti ń pè wọ́n ní Bàbá Ọ̀tún. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, wọn a gun kẹ̀kẹ́ padà sílé, apá ògiri. Ẹni tó bá rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán ló máa ń yà.

Ní ọjọ́ Furaidé tó kọjá, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Apá omi ti di ọbẹ̀. Onoriode pẹ́ jáde, torí igi ààrò tutù, mo sì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú Ebiere. Ní ibi tí ọ̀nà ti tóóró jù lọ, Bàbá Sàlàkọ́ yọ níwájú lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Àpótí Onoriode wúwo débi pé bí ó bá dúró, bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀ yíyọ̀ yẹn, ó máa dojú dé ni. Kò lè yà sí apá omi. Kò sì lè sọ fún àgbàlagbà pé kí wọ́n bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó kàn ń wa kẹ̀kẹ́ lọ ní díẹ̀díẹ̀.

Bàbá sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wo ọfà tó wà lára ògiri, wọ́n wo àpótí. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn lé èjìká, wọ́n sì tẹ ẹsẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀ apá omi, ó mù wọ́n dé orúnkún, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.

“Kọjá, jàre,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n bí o bá dé ẹnu títì, ọ̀tún ni o! Ṣé o gbọ́? Ọ̀tún!”

Onoriode kò lè dọ̀bálẹ̀, kò lè gbé ọwọ́ kúrò lórí irin. Ó tẹ orí ba títí àyà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin kẹ̀kẹ́, ó sì kọjá. Èmi àti Ebiere la fa Bàbá jáde.

Bá mi kí Sàfíátù àti ìyá wa, kí o sì fi ọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Linus ní kí n kí ọ. Bí o bá rí ààyè wálé kí òjò tó le jù, ṣọ́bìrì wà nílẹ̀, apá omi sì ń retí wa.

Èmi ni tìrẹ, tí ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,

Ọlábánjí