Agbẹnusọ Ìjọba Tí Ọmọ Mi Ń Pè Lẹ́ẹ̀marùn-ún

Hàmdálátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà ní Abẹ́òkúta, ṣé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ń lọ geere? Àwa náà wà ní Simáwà níbí, a dúpẹ́, òjò ti ń rọ̀, obì sì ti wọ́n. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìbànújẹ́ ara wa. Sùmáyà ará ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Òun náà ló ka ìròyìn rẹ sí mi létí lánàá lórí fóònù, ìyẹn tí o kọ nípa omi ẹ̀rọ tí kò yọ. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó kà á dé ìsàlẹ̀, ó ní o kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba pé ẹ jọ̀wọ́ sà, ìgbà wo lomi máa dé, o fún wọn lọ́jọ́ méje, o tún kọ òmíràn láti rán wọn létí, o pe agbẹnusọ wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún kò gbé e, o tún lọ jókòó dè é lọ́fíìsì látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Háà! Láti Iléyá, ẹ̀ẹ̀kan péré lo pe èmi.

Ta ni ọkùnrin yìí? Kí ló fi jù mí lọ? Owú ni mo ń jẹ, n kò ní purọ́. Ọkùnrin tóbìnrin pè lẹ́ẹ̀marùn-ún tí kò gbé e, ìyàwó rẹ̀ ló wà nítòsí. Sùmáyà ní iṣẹ́ ni, pé báyìí làwọn akọ̀ròyìn ṣe ń bi ìjọba léèrè. Mo ní kó máa kọ ohun tí mo bá wí. Ọwọ́ òfìfo lo sì fi lọ! Mo ti di gbànja mẹ́wàá sínú ewé pé kí o mú un dání lọ bi í, ni inú tún bí mi, mo tú u, mo dà á padà sínú apẹ̀rẹ̀. Kó lọ ra tiẹ̀.

Ó dáa, èmi náà fẹ́ béèrè bí ìwọ ṣe ń béèrè: ẹ jọ̀wọ́ mà, ìgbà wo lẹ máa wálé? Bàbá rẹ ní kí n má dà ọ́ láàmú, àmọ́ gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lòun ń gbé àga síwájú ilé. Bí mọ́tò bá dúró, á dìde. Bó bá lọ, á tún jókòó.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, owó ọjà ti tán. Kí Ọlọ́run là ọ́, kó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn tètè dá ọ lóhùn kí ọwọ́ rẹ lè dilẹ̀.

Owó yẹn, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́ mọ́. Fi wọ mọ́tò wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù