Kí Ohùn Mi Tó Dé Ọ̀hún

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹwàá

Lẹ́tà Ìyá Aago dé láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá mi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí ohun tí kì í fi aago wọ̀n. Ó ní ohùn mi ń pẹ́ kó tó dé ọ̀hún. Ó ti wọ̀n ọ́n: 310. Ìyẹn ni pé ká gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ká mú 310 nínú ẹ̀. Bí mo ṣe ń pẹ́ tó nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kó wà lábẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ìdánwò di Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún. Bí mi ò bá yege, kí n máa wá sí ọ́fíìsì wọn, wákàtí mẹ́ta lálọ, mẹ́ta lábọ̀. Tàbí kí n fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ta ni yóò wá máa wo Màmá? Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, mi ò lè fi wọ́n nìkan sílẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá iṣẹ́ tí mo lè ṣe nínú ilé.

Iṣẹ́ ọ̀hún náà rèé. Ẹni tó ra pọ́ǹpù omi á pe ilé-iṣẹ́. Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ ò gbọ́ Yorùbá. Èmi á wà láàárín, màá máa tú tibí fún tọ̀hún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnjiníà ní kí bàbá kan má tíì tan pọ́ǹpù. Mo tú u lójú ẹsẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá, bàbá ti tàn án. Omi ta ìdérí nù, ó bọ́ sí wọn lójú. Wọ́n ní èmi ni mo ní kí àwọn tan án.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kẹwàá

Tòní burú jù. Mo kí màmá kan tó jẹ́ oníbàárà, wọ́n jẹ́ mi, wọ́n ní ṣé dáadáa ni mo jí. Mo ní dáadáa ni. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n tún bi mí. Èyí tí mo kọ́kọ́ sọ wá dé, ó kọlu ìbéèrè kejì, mo tún ń dáhùn ìyẹn lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀ dàrú. Wọ́n ní irú ọmọ wo lèyí, tí àgbà ń bi léèrè tó ń dákẹ́, tó tún ń já lu ọ̀rọ̀. Wọ́n fi ẹjọ́ mi sun ọ́fíìsì pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Èmi, tí mo ti kúnlẹ̀ kí ènìyàn títí orúnkún mi fi dúdú.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kẹwàá

Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ò dé àdúgbò wa. Síìmù la ń kì bọ ráútà, bíi ti fóònù. Mo ti sọ ráútà náà ní Ọ̀lẹ.

Mo pe ọkùnrin tó bá wa gbé e sílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ó-Ti-Dáa. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan ló ti máa ń sọ pé ó ti dáa. Ó ní iyára tiwa ló kéré, ó gbé wa sí èyí tó ju ìyẹn lọ. Lóòótọ́, fíìmù ń já bọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí n tó ṣẹ́jú. Mo wọn ìdádúró: 305. Mo wá rí i pé ọ̀tọ̀ ni kí ẹrù pọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó tètè dé. Ẹrù kọ́ ni mo fẹ́ rán. Ohùn ni.

Ẹtì, 9 oṣù kẹwàá

Orí pẹpẹ tó wà nínú pálọ̀ ni Ọ̀lẹ ń gbé, ògiri yí i ká. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé kó lè máa rí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. 270. Inú mi dùn díẹ̀. Mo lọ wẹ̀. Mo dé: 315.

Màmá ti gbé e padà sórí pẹpẹ, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó. Ẹsẹ̀ tí ò gbé wọn dé ẹnu géètì gbé wọn dé ìdí fèrèsé. Wọ́n ní eruku. Wọ́n ní oòrùn. Mo ní Màmá, nǹkan yìí fẹ́ ojú síta. Wọ́n ní ìwọ náà fẹ́ ojú síta nígbà tí o wà ní kékeré, kí ló gbẹ̀yìn ẹ̀, ṣebí ikọ́ ni.

Àbámẹ́ta, 10 oṣù kẹwàá

A ṣe àdéhùn. Ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n aṣọ á wà lórí ẹ̀, aṣọ tín-ín-rín. 180. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ fèrèsé.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù kẹwàá

Mo fa wáyà láti ara Ọ̀lẹ wá sára kọ̀ǹpútà, kí ohùn mi má baà máa gba inú afẹ́fẹ́ ilé kọjá. Mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀ kó má baà kọ́ ọ̀pá Màmá. Aago méje àárọ̀: 118. Mo jó.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀: 340. Aago mẹ́ta: 360. Mo ti parí iṣẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀: 115.

Kí ni mo fi ṣe ẹ̀rọ yìí.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kẹwàá

Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Láti mẹ́sàn-án sí mẹ́rin ló ń bàjẹ́, àfi Àbámẹ́ta àti Àìkú. Àsìkò iṣẹ́ mi gan-an. Àfi bíi pé ẹnìkan ń ṣọ́ mi.

Màmá nìkan ni inú wọn ń dùn nínú ilé yìí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá lánàá. Nọ́ọ̀sì tó ń wá na ẹsẹ̀ wọn ní Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ní ara wọn ń yá. Ó kéré tán, ẹnìkan ń rí ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù kẹwàá

Ó-Ti-Dáa gun òrùlé. Ó gbé éríà tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì síbẹ̀, ó kọjú ẹ̀ sí òpó tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Òpó yẹn jìnnà, ṣùgbọ́n ó ní èrò ò pọ̀ lórí ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló rọ̀ mọ́ ti ìdí káfíńtà. Àlàyé yẹn wọ̀ mí létí. Ṣáájú aago mẹ́sàn-án: 88. Ó ní, "Ó ti dáa." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó irinṣẹ́. Kò tíì dé géètì: 330. Mo pè é padà. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó nu ojú, ó ní bóyá ojú ọjọ́ ni.

Oòrùn ń ràn gan-gan níta.

Ẹtì, 16 oṣù kẹwàá

Mo sunkún láàárín iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ pa ohùn mi lórí ẹ̀rọ kí oníbàárà má baà gbọ́. Mi ò bá má wulẹ̀ pa á. Kó tó dé etí wọn, mi ò bá ti sunkún tán.

Àìkú, 18 oṣù kẹwàá

Màmá bi mí nídìí oúnjẹ bóyá mo gbúròó Ẹni Yẹn. Mo ní rárá. Wọ́n mọ̀ pé mi ò gbúròó ẹ̀.

Ẹni Yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, àwa méjèèjì náà ni wọ́n bí. Ó ń gbé lókè òkun. Kò wá sin Bàbá. Lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an ló pè, ó ń ṣàlàyé ìwé ìrìnnà, bébà tó kù, bébà tó sọnù. Èrò kún àgbàlá, ojú mi wú, ó ń sọ bébà fún mi. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Àbúrò pa fóònù mọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Ó pé ọdún méjì lóṣù tó ń bọ̀. Kò pè mí mọ́, èmi náà ò pè é. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi fóònù, òun ló jẹ̀bi ìsìnkú, kí kálukú mú tiẹ̀.

Màmá ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Mo kó àwo.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù kẹwàá

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Ó-Ti-Dáa kọ́ mi lórí fóònù bí mo ṣe lè ṣí inú Ọ̀lẹ wò látorí kọ̀ǹpútà, kí n rí àwọn tó wà lórí ẹ̀. Mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà mi, fóònù mi, àti ẹ̀kẹta tí kò lórúkọ, nọ́ńbà lásán. Ó sì ń rán nǹkan jáde láti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sinmi.

Ó-Ti-Dáa mí kanlẹ̀. Ó ní ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wọlé fẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde há. Ó dà bí ẹni tó gbé ẹní kíká dábùú èjìká, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ohùn mi kékeré wá ń tò sẹ́yìn ẹ̀. Ó ní kí n fi òdiwọ̀n sí ohun tó ń jáde, kí ẹnu ọ̀nà má kún dé góńgó, ohùn mi á rí àyè. Ká dín iyára kù kó lè tètè dé. Bí ẹlòmíràn ló sọ ọ́, màá ní orí ẹ̀ ti dàrú.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mú olè ná. Obìnrin aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, ẹ̀rín ẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Mo fi "ojútiolè" sí i.

Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kẹwàá

54. Láti àárọ̀ dalẹ́, 54. Mo kí ènìyàn, wọ́n dáhùn. Wọ́n bi mí, mo fèsì. Mo pàdé aránṣọ ní géètì, mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀dájú.

Màmá ò jẹun. Wọ́n ní kò sí nǹkan.

Ọjọ́rú, 21 oṣù kẹwàá

Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ mi, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, nǹkan tí wọ́n fi gèlè wé lọ́wọ́ kejì. Wọ́n ní ìwọ tí o gbọ́n sí ẹ̀rọ, bá mi wo èyí, kò sọ̀rọ̀ láti àná. Mo tú gèlè. Fóònù fífẹ̀ ni, ó tó síléètì.

Ẹni Yẹn ló fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ló bá a gbé e wá, ó ti lé lóṣù méjì, òun náà ló wo páásíwọ́ọ̀dù lábẹ́ Ọ̀lẹ tó fi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Tó bá ti di mẹ́sàn-án, á pe Màmá. Wọ́n á kíra, wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, Màmá á ṣàdúrà. Lẹ́yìn àmín, kò sẹ́ni tó ń pa á. Òun ò lè pa fóònù mọ́ ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Ìyá ẹ̀ náà kọ̀. Mo ní kí ló dé. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Wọ́n ti pa fóònù mọ́ ọmọ yẹn lẹ́nu rí nínú ilé yìí. Kò ní tọwọ́ tèmi ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kejì."

Síléètì á wá wà níbẹ̀ títí di mẹ́rin, á fara ti ògiri, á máa rán àwòrán yàrá Màmá lọ sókè òkun. Wákàtí méje lójúmọ́. Ẹní tó dí ẹnu ọ̀nà mi rèé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo bínú. Mo ní Màmá, torí yín ni mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àwòrán lè dínà mọ́ ohùn. Ohùn wọn kéré. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́rídọ̀, lórí wáyà.

Ó yẹ kí n lọ bẹ aránṣọ. Mi ò ní lọ.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù kẹwàá

Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i. Mi ò lè wo ojú wọn kí n ní rárá. Àmọ́ kí wọ́n pa àwòrán, kó ku ohùn nìkan. Mo sì fi òdiwọ̀n sí ọ̀nà àbájáde bí Ó-Ti-Dáa ṣe wí. Mo fẹ́ gbé síléètì sí ìdí bẹ́ẹ̀dì wọn kó sún mọ́ wọn. Wọ́n ní kí n fi í sídìí ògiri níbi tó wà, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ràn jù. Mo ní kí ló ń gbọ́. Wọ́n ní ó tó, lọ ṣiṣẹ́ ẹ.

Mẹ́wàá: 63. Méjìlá: 66. Mẹ́ta: 61. Síléètì wà lórí ìlà ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ẹtì, 23 oṣù kẹwàá

Ìyá Aago fúnra ẹ̀ ló ń gbọ́ wa. Oníbàárà tó kọ́kọ́ wọlé ni màmá ọjọ́sí, èyí tó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo kí wọn. Wọ́n ní ṣé dáadáa ni mo jí. Mo ní dáadáa ni, mà, ẹ̀yin ńkọ́. Ohùn mi dé kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Ẹnjiníà ní kí wọ́n má tíì tan pọ́ǹpù, mo tú u, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ọwọ́ àwọn ò sí níbẹ̀. Oníbàárà méje lẹ́yìn ìyẹn. Aago kan kọjá díẹ̀, Ìyá Aago ka tèmi jáde: 62. Ó ní kí n jókòó sílé mi, kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo gbórí lé tábìlì fún ìgbà díẹ̀. Mo dìde láti lọ sọ fún Màmá.

Wọn ò sí ní yàrá. Nọ́ọ̀sì ti mú wọn rìn jáde, mo ń gbọ́ ọ̀pá wọn níta, kò, kò, kò. Síléètì wà lórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Iná ẹ̀ ń tàn. Tábìlì mi ló wà lódìkejì ògiri yẹn.

Ẹni Yẹn gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ṣe bí Màmá ni. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Màmá, ṣé wọ́n ti sọ fún àbúrò mi pé ó yege? Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n lónìí."

Oṣù méjì. Wákàtí méje lójúmọ́. Tó ń gbọ́ bí mo ṣe ń ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì, kí wọ́n má tíì tàn án, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí nìyẹn tí kì í pè ní Àbámẹ́ta àti Àìkú. Èmi kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì yẹn.

Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì pupa tó ń pa fóònù. Kò le. Mo ti ṣe é rí.

Mo kúnlẹ̀. Èmi nìkan nínú yàrá, mo kúnlẹ̀ fún síléètì. Mo ní, "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo kà á. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin gbáko kí wọ́n tó dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọn nǹkan yìí, kò sẹ́ni tó lè tàn mí jẹ lórí ẹ̀ mọ́. Ti ẹ̀rọ nínú ẹ̀ ò ju 62 lọ. Èyí tó kù, kì í ṣe ẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.