Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi Kò Tíì Dàgbà Tán

                                        Yàrá òkè, Ilé kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ rójú sùn? Ara tèmi le, àmọ́ inú mi ń hó yaya bí omi orí iná. Ẹ gbé bírò pupa olùkọ́ yín sílẹ̀ o: bí àmì ohùn kan bá ṣìnà nínú lẹ́tà yìí, ìbínú ló ṣì í lọ́nà.

Ẹ rántí eyín ọmọdé mi méjì tó já lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eyín iwájú, tí a retí àwọn tó máa rọ́pò wọn títí. Kò sí nǹkan kan nínú èrìgì. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ ní èjí mi ti di géètì, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Tiyín ò dùn mí.

Àfẹ́sọ́nà bọ̀ọ̀dá wa ló wá ní kí n dúró sí ìlà ẹ̀yìn nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn, kí n sì pa ẹnu dé. Ẹnu tèmi! Ni Dádì bá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan. Ọkùnrin yẹn ò bi mí ní nǹkan kan. Dádì nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé àga ni wọ́n gbé wá tún ṣe. Ó ní lọ́jọ́bọ̀, òun á gbin irin méjì sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, òun á sì fi eyín tuntun dé wọn lórí.

Obìnrin tó ń ya àwòrán eyín níbẹ̀ rọra béèrè pé, "Ṣé ọmọ yìí ti ṣíwọ́ gíga?"

Dádì ní, "Ó ti pé mẹ́rìndínlógún. Ó ti dàgbà tán. Ẹ ò rí i bó ṣe rí gbọọrọ ni?"

Obìnrin náà ní irin kì í kúrò lójú kan, àmọ́ eyín yòókù á máa bá egungun rìn bí mo ṣe ń dàgbà. Tó bá yá, eyín àgbìn á wá dà bí ẹni tó jókòó nígbà tí gbogbo ilé dìde. Ni dókítà bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ta ni dókítà níbí?"

Inú bí mi gan-an. Bá a ṣe délé, mo fa Dádì lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì. Ẹ mọ férémù ilẹ̀kùn yẹn, tí Dádì fúnra wọn máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà gíga mi sí lóṣooṣù, tí wọ́n fi ń yangàn fún gbogbo àlejò. Mo fẹ̀yìn tì í, mo gbé ìwé lérí.

"Ẹ fà á, sà."

Wọ́n fà á. Ó fi ìbú ìka kan ju ti oṣù kìíní lọ.

"Dádì, ta ló ti dàgbà tán?"

Wọ́n wo ìlà, wọ́n wò mí. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n fagi lé ètò Ọjọ́bọ̀.

Síbẹ̀, inú ṣì ń bí mi. Ká ní obìnrin yẹn dákẹ́ ńkọ́? Ṣebí àwọn àgbà ló ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ọmọ ni mò ń rán wọn létí? Dádì ní wọ́n sọ fún àwọn lórí fóònù pé eyín kan wà tí mo lè máa fi sẹ́nu, kí n máa yọ ọ́, títí egungun á fi dúró. Màá fi í, àmọ́ kì í ṣe nítorí fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ fẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Òun náà ò léyín, kò sì sẹ́ni tó ní kó dúró sẹ́yìn. Ẹ gbé e wá síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé: ìlà iwájú lèmi àti òun máa wà, a ó sì jọ la ẹnu gbàgà.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí géètì rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀,
                                        Ọ̀rọ̀-ò-tán.