Òkè Òkun Inú Ike

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹwàá 2025

Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò gbà. Oṣù kan péré tí mo padà láti Ìbàdàn wá sílé, Ẹfọ̀n-Aláayè, wọ́n ti fà mí wọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ìjọ wa. Ọmọ méjìlá, kò sí èyí tó ju ọdún mẹ́rin lọ nínú wọn. Ọ̀gá mi ni Ayọ̀bọ́lá, ẹni tí mo lè bí. Nínú ìwé yìí, Fóònù lorúkọ rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí kì í wò níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: òkun. Fóònù ní ká ṣe òkun sínú ike, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa mì ín, kí wọ́n máa wò ó. Ó ní ó máa ń mú ara wọn balẹ̀. Àwa ará orí òkè, tí odò tó tóbi jù tí ọmọ wa mọ̀ kò kọjá orúnkún! Èmi fúnra mi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí òkun, ní 1987, ní Èkó. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, omi gbé ẹyọ kan lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kẹwàá

Ike mẹ́rìnlá ti wọlé. Òórùn kẹrosíìnì ń bọ̀ lára ọ̀kan. Mo dá a padà fún ẹni tó mú un wá, ó bínú.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kẹwàá

Mo ṣe òkun lónìí. Omi ìdajì ike. Búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, bíńtín. Iyanrìn tí mo fọ̀ nígbà mẹ́ta. Ẹja tí mo gé láti ara ọ̀rá omi. Òróró lé e lórí. Òróró ẹ̀pà la kọ́kọ́ lò, òkun wá dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ — Fóònù ní kò rí báyìí lórí fóònù. A dà á nù, a lọ ra òróró tí wọ́n fi ń pa ọmọ ọwọ́ lára. Ìyẹn mọ́ gaara, ó sì léfòó sórí omi aró náà dáadáa.

Olójú jókòó tì mí. Jemimah lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ojú rẹ̀ ló tóbi ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Kì í sọ̀rọ̀. Lónìí ó sọ̀rọ̀. Ó fi ìka kan ibi tí òróró wà, ó bi mí pé kí ló wà ní òkè òkun yẹn. Mo ní òróró ni. Ó ní rárá, màmá òun ló wà ní òkè òkun, ìyá àgbà òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ tí a bí sáàárín òkè, kí ló tún lè pe òkè òkun bí kò ṣe orí òkun gan-an? Mo rò pé ìyá náà ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Kánádà ni. Mo gé fóòmù bíńtín lára abọ́ funfun tí wọ́n fi ń di ìrẹsì fúnni lóde. Mo fi báírò ya ojú méjì sí i, àti ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Mo jù ú sínú ike rẹ̀. Mo ní, "Màmá ẹ rèé." Mo fi gúlù lẹ ìdérí pa. Inú mi dùn sí ara mi púpọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Kẹwàá

Olójú kò gbé ike sílẹ̀. Ó gbé e jẹun, ó gbé e lọ tọ̀. Ó mì ín, fóòmù rì. Ó dúró, fóòmù yọ sókè. Ó ní, "Ó ti dé!" Ó tún mì ín. Mo kà á dé ogójì, mo ṣíwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Kẹwàá

Ọlọ́run, dárí jì mí.

Ìyá Kẹ́mi wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án. Òun ló bí ìyá Olójú. Mo bá a ṣàwàdà pé kí Kẹ́misọ́lá rẹ̀ máa pe ọmọ lórí fóònù, kó má jẹ́ pé fóòmù la ó máa fi ṣe ìyá fún un. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wá bàtà ọmọ kiri, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Fóònù jókòó sórí àga ọmọdé, tó sọ fún mi. Kẹ́misọ́lá kú lóṣù Keje, níbi tó ti ń rọbí. Òun àti ọmọ inú. Victor ọkọ rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Gbogbo àdúgbò ló pa ẹnu pọ̀ láti máa sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun rò pé mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀?

Èmi ni n kò mọ̀. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi ya ẹ̀rín sí òkú lẹ́nu. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbọ́ ìwàásù. Ìyá tèmi ni mo ń rò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Wọ́n ní ó lọ ra bàtà fún mi ní Iléṣà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń lọ dúró níbi tí ọkọ̀ Iléṣà ti ń já èrò. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé ó ti kú, ikú yẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Mo rò pé bàtà mi ló pa á. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin báyìí, n kò tíì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni ra bàtà fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹwàá

Olójú ní kí n ṣí ike, kí màmá òun jáde. Mo ní gúlù ti mú un. Ó ní ta ló fi gúlù sí i.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Ìyá Kẹ́mi nílé. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní irọ́ yìí ń dàgbà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún un, kó má lọ máa rò pé ìyá òun kọ òun sílẹ̀. Mo sọ ti bàtà Iléṣà fún un — n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún ọkọ mi kó tó kú. Ó gbọ́ mi dé ìparí. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ukú kè é ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹ̀yin lẹ ṣe òkun. Èmi ni mo wà nínú ulé pẹ̀lú rẹ̀." Ó di ẹ̀gẹ́ fún mi lọ sílé. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Kẹwàá

Olójú fi eyín ṣí ìdérí náà. Eyín kékeré yẹn! Gúlù náà kì í ṣe gúlù. Òkun dà sílẹ̀ níwájú kíláàsì. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àgbàrá gbé fóòmù lọ sínú gọ́tà. Ó sáré tẹ̀ lé e, mo dì í mú. Ó figbe ta: "Màámi ti lọ!" Kì í ṣe ẹkún ọmọ tí ohun ìṣeré rẹ̀ sọnù. Àwọn mọ́kànlá yòókù gbé ike wọn wá, wọ́n ń nà án sí i pé kó gba tàwọn. Kò wò wọ́n. Mo bá a sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá wù kó fi mí ṣẹ̀sín.

Ìrọ̀lẹ́ — Ìyá Kẹ́mi wá, kò jókòó. Ọmọ ò jẹun. Gbogbo gọ́tà ojú ọ̀nà ló ń bẹ̀rẹ̀ wò. Ó ní, "Ẹ sọ fún un. Ẹ mú un lọ síbẹ̀, kó fojú rí i." Mo ní ká jọ lọ. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Kẹ́misọ́lá, inú ilé ni wọ́n jókòó ti ìyá rẹ̀ sí. Láti oṣù Keje, kò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí, kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Báwo ni ì bá ṣe mú ọmọ lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀? Mo ti ń pè é ní agídí. Agídí kọ́.

Akínwùmí tó ń tọ́jú ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ ti júwe ọ̀nà fún mi. Orí òkè ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Kẹwàá

A lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ìyá Kẹ́mi sìn wá dé ìsàlẹ̀, ibi tí títì parí sí. Ó dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí òkè.

Òkè náà le fún orúnkún mi. Olójú ló ń fà mí. Ibojì — sìmẹ́ńtì lásán, orúkọ tí wọ́n fi igi kọ nígbà tó ṣì tutù. Mo kúnlẹ̀ kí ojú èmi àti ọmọ lè ṣe déédéé. Mo sọ ọ́. Màmá ẹ kú. Kò lọ sí òkè òkun. Kò kọ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ohun tí o ṣe. Ìhín ló wà, kò ní jáde mọ́. Mo pè é ní ikú, n kò pè é ní oorun. Ó fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì, ó bi mí bóyá gúlù nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lórí orúkọ náà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìparí. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Kẹ́mi ṣì dúró bí a ṣe fi í sílẹ̀. Olójú já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ bá a, ó ń fa ìró rẹ̀. Kó wá, kò jìnnà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yẹn ni — Obìnrin náà di ojú méjèèjì pinpin. Ọmọ ti na ìka sókè. Mo sáré, èmi àti orúnkún yìí, mo fi ọwọ́ bo ìka náà.

Ìyá Kẹ́mi kò la ojú. Ó ní, "Ṣé ibẹ̀ dáa?"

Olójú ní, "Ó mọ́. Mo ti nù ún."